Tata àti Ikán: Ẹ̀kọ́ Lára Kòkòrò Méjì Inú Oko

Nínú ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi gbèsè tí ó pẹ́ nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó kan ọ̀rọ̀ gbèsè kí a tó parí. Kòkòrò méjì ni mo fẹ́ kí a jọ wò: tata àti ikán. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀rìn-Ilé, tàbí ní Ọ̀ffà, tàbí níbikíbi ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun, tí kò mọ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á mọ ojú ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí á mọ ìwà rẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Ẹ̀rìn-Ilé, màmá kan dìde, ó ní: "Ọ̀gá, tata ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi lókè, ikán ń jẹ iṣu mi nínú ebè. Owó tí ó wà lọ́wọ́ akápò kò sì tó nǹkan. Èwo ni kí á kọ́kọ́ bá jà nínú àwọn méjèèjì, kí ni a ó sì fi bá a jà?" Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìdí ni pé wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí ní ẹgbẹ́ mìíràn, mo sì fún wọn ní ìdáhùn tí kò dára, tí owó ẹgbẹ́ bá a lọ. N óò sọ ìtàn náà kí n tó parí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìwà àwọn kòkòrò náà.

ÌGBÉSÍ AYÉ TATA

Oríṣiríṣi tata ni ó wà. Èyí tí mo ń sọ ni tata aláràbarà tí í máa ń bo oko ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Zonocerus variegatus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí ó bá kéré, dúdú ni, àmì tóótòòtó aláwọ̀ ìyeyè sì máa ń wà lára rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tán, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, dúdú àti pupa yóò pé sí i lára. Kì í yára. Ọmọdé lè fi ọwọ́ mú un. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ààbò rẹ̀, nítorí pé ó ń kìlọ̀ fún ẹyẹ pé òun kò dùn jẹ. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́, òórùn burúkú ni yóò fi sílẹ̀ fún yín.

Ní agbègbè tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, àti ní ìsàlẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ni abo tata máa ń yé ẹyin, láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún. Ó máa ń ki ìdí bọ inú ilẹ̀, yóò fi ìfófòó ṣe àpò kékeré, yóò sì kó ọ̀pọ̀ ẹyin sínú àpò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí, yóò lọ. Kò pẹ́ tí òun náà yóò kú. Gbogbo ìgbà òjò ni ẹyin wọ̀nyí yóò fi wà nínú ilẹ̀ láìyọ. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, ni wọn yóò pa. Àwọn ọmọ yóò jáde, wọn yóò máa bọ́ awọ, lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà, títí ìyẹ́ wọn yóò fi pé ní nǹkan bí oṣù Kejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ohun méjì.

Èkínní, tata kékeré kò lè jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Oró tí a ń fún dànù nígbà tí a bá ń ṣe gàrí wà nínú ewé náà pẹ̀lú. Koríko àti èpò ni àwọn ọmọ tata fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí èpò gbẹ, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì ti pọ̀, ni wọn yóò ya bo ẹ̀gẹ́. Wọn yóò jẹ ewé tán, wọn yóò sì máa họ èèpo igi rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá rí wọn lórí ẹ̀gẹ́, wọ́n ti lo oṣù bí mẹ́ta ní tòsí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kà wọ́n sí.

Èkejì, ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí. Abo tata kì í dá ibi tirẹ̀ wá. Láti oko lágbájá, láti oko làkáṣègbè, láti inú igbó àpatì, gbogbo wọn ni yóò wá pàdé lábẹ́ ibòji kan ṣoṣo, tí wọn yóò sì yé ẹyin wọn papọ̀ sí ojú ilẹ̀ tí kò fẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ abẹ́ igbó ewé Akíntọ́lá, èpò tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá tí ó sì gba ilẹ̀ wa kan. Tata fẹ́ràn òdòdó ewé yìí gidigidi. Oró kan wà nínú òdòdó náà tí tata máa ń kó pamọ́ sí ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn tata tí ó péjọ yìí jẹ́ ẹgbẹ́ bí? Rárá o. Kò sí èyí tí ó ń wá oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Kò sí èyí tí ó ń ṣọ́nà. Kò sí ìyá tí ó ń tọ́ ọmọ. Wọ́n lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí igi kan, ikùn ara rẹ̀ ni olúkúlùkù ń bọ́. Bí ewé bá tán, wọn a túká.

ÌGBÉSÍ AYÉ IKÁN

Ikán pẹ̀lú pọ̀ ní irú. Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí ń kọ́ ọ̀gán ńlá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrotermes bellicosus. Òkìtì rẹ̀ lè ga ju ilé onípẹpẹ kan lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó sì kọ́ ọ kò ní ojú tí wọ́n fi ń ríran.

Nínú òkìtì náà, ayaba wà ní yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ikùn ayaba a máa tóbi tó ìka ọwọ́ ènìyàn, kò lè rìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ni ó sì ń yé lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń kó ẹyin náà lọ, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ, tí wọ́n ń wá oúnjẹ, tí wọ́n sì ń mọ ilé. Àwọn ọmọ ogun ní orí ńlá àti ẹnu tí ó mú bí àlùmọ́gàjí. Ẹnu náà dára fún ìjà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi í jẹun; òṣìṣẹ́ ni ó ń bọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó lè dá wà nínú wọn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé àgbẹ̀ ni ikán. Igi gbígbẹ àti koríko tí wọ́n ń gé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ ní àjẹtán. Wọ́n ń kó o wálé, wọ́n ń fi ṣe ebè kéékèèké nínú yàrá, olú kan sì ń hù lórí rẹ̀. Olú yìí ni ó ń sọ igi líle di oúnjẹ tí ó rọ̀ fún wọn. Olú tí ó máa ń hù jáde lára òkìtì ikán nígbà òjò, tí àwọn ìyàwó wa ń ká wá sílé, láti inú oko wọn ni ó ti wá.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, àwọn èsúnsún yóò fò jáde. Gbogbo wa ni a ti gbé àwo omi sí ìdí àtùpà rí nítorí wọn. Èyí tí àkùkọ, aláǹgbá àti àwa fúnra wa bá jẹ kù, yóò já ìyẹ́ rẹ̀ sọnù, akọ kan àti abo kan yóò wa ilẹ̀, wọn yóò sì fi ara wọn bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun. Láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì péré ni òkìtì ńlá náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń yin ikán ní àyìnjù. Ó ń jẹ iṣu nínú ebè, ó ń gé àgbàdo lulẹ̀ nígbà tí ó bá gbó, ó ń jẹ igi àká. Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí ìwé sí. Mo mú ìwé ẹ̀yáwó, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dára, ó ń dán. Nígbà tí mo ṣí i, eruku ni mo bá nínú. Ikán ti jẹ orúkọ àwọn onígbèsè àti àwọn onídùúró wọn tán. Ìjà tí ó tẹ̀lé e gba ọdún kan kí ó tó tán.

Síbẹ̀, ikán ní iṣẹ́ rere. Òun ni ó ń sọ igi tí ó kú di ilẹ̀, tí ó sì ń dá ihò sínú ilẹ̀ líle kí omi lè wọlé. Ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ní ìgbà ọ̀dá tí ó wáyé láàárín ọdún 1980 sí 1985, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Yacouba Sawadogo gbẹ́ ihò kéékèèké sí ilẹ̀ tí ó ti le bí àpáta, ó da ìgbẹ́ ẹran àti ewé sí i. Ikán wá nítorí ìgbẹ́ náà, wọ́n dá ilẹ̀ lu, òjò rí ọ̀nà wọlé, ọkà sì hù níbi tí koríko kò ti hù mọ́. Ní ọdún 2018 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood nítorí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2023 ni ó kú.

ÌYÀTỌ̀ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN WỌN

1. Tata péjọ nítorí ohun tí olúkúlùkù yóò jẹ. Ikán péjọ nítorí ohun tí wọn yóò jọ ṣe.

2. Tata kò ní àká. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá wà ni ó mọ̀. Ikán ń gbin oúnjẹ rẹ̀ sínú ilé, ìdí nìyí tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi í pa á.

3. Tata fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ikán ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

4. Nítorí náà, ibi tí a ti lè mú wọn yàtọ̀. Ikán fi ìdí rẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé líle, ó ṣòro láti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tata kó gbogbo ọ̀la rẹ̀ jọ sí ojú kan, ó sì fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìsí ẹni tí ń dáàbò bò ó.

Kókó kẹrin yìí ni èmi kò mọ̀ nígbà tí mo ṣe àṣìṣe mi.

ÀṢÌṢE TÍ MO ṢE

Ní ẹgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù Kejì ọdún kan, tata ti bo ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ yá owó ra oògùn apakòkòrò. Mo fọwọ́ sí i. Mo ní kí olúkúlùkù gba ìpín tirẹ̀ kí ó lọ fọ́n ọn sí oko rẹ̀. Ẹni kan fọ́n tirẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, aládùúgbò rẹ̀ kò ráyè títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ẹnìkẹta ta oògùn tirẹ̀. Igbó àpatì tí ó wà láàárín oko, kò sí ẹni tí ó kàn án. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí tata fi tún ti inú igbó jáde wá. Nígbà tí ó yá, òjò rọ̀, tata kú lọ bí wọ́n ti í ṣe lọ́dọọdún, a sì rò pé oògùn ni ó pa wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá, ọmọ wọn yọ, wọ́n pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tata lọ, gbèsè kò lọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fi san owó náà kò dára. Opó kan tí ó ṣe onídùúró fún àna rẹ̀ ni ó san owó tí òun kò jẹ. Àwọn kan kò wá sípàdé mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà, n kò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó dé iṣẹ́ yìí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí ó wá láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkòrò ti Lọ́ńdọ̀nù, tí à ń pè ní COPR nígbà náà, tọpa tata yìí ní ìhà gúúsù Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé bí a bá wá ibi tí ó ń yé ẹyin sí, tí a sì fi ọkọ́ wú àwọn àpò ẹyin náà síta, oòrùn yóò pa wọ́n, tata tí yóò yọ yóò sì dín kù gidigidi. Kò gba oògùn. Ọkọ́ ni ó gbà, àti ìfohùnṣọ̀kan. Kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Nípa ti tata:
(a) Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣọ́ ibi tí àgbà tata ń péjọ sí lábẹ́ ibòji. Kí a fi igi sàmì sí i, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé.
(b) Nígbà tí wọ́n bá yé tán, kí ẹgbẹ́ dá ọjọ́ kan, kí a jọ wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a da á sí oòrùn. A lè ṣe é títí kan oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n tó pa.
(d) Ní oṣù Kọkànlá, àárọ̀ kùtù ni kí a lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀. Òtútù máa ń mú kí wọ́n dì mọ́ orí èpò láìlè fò. A lè gbọ̀n wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ.
(e) Kí a má ṣe jẹ́ kí ewé Akíntọ́lá yí oko ẹ̀gẹ́ ká.

Nípa ti ikán:
(a) Kí a tètè kórè àgbàdo tí ó bá ti gbó.
(b) Kí a má ṣe gbá gbogbo koríko gbígbẹ kúrò lóko. Bí ikán bá rí igi gbígbẹ jẹ, kì í sábà kọjú sí èyí tí ó tutù.
(d) Òkìtì tí ó bá wà láàárín oko gan-an, kí a gbẹ́ ẹ títí a ó fi yọ ayaba. Bí ayaba bá lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé náà máa ń tú. Èyí tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, kí a fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.
(e) Kí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú àpótí irin, lórí tábìlì tí kò kan ògiri.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan: àwọn àgbà kan ṣì ń bèèrè Gamalín 20 àti Aldrin. Oró wọn kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, nínú ẹja àti nínú ọmú ìyá. Aldrin wà lára àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fòfin dè ní ọdún 2001. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fi lindane, tí ó wà nínú Gamalín, kún wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e wá tà fún ẹgbẹ́, ẹ má ṣe rà á. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní ọdún 1989 ni IITA ní ìlú Kútọnu àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú olú kan, Metarhizium, tí ń pa tata àti eéṣú. Kì í tètè pa wọ́n bí oògùn olóró, ṣùgbọ́n kò ní ewu oògùn olóró.

ÌDÁHÙN FÚN MÀMÁ

Mo dá màmá lóhùn pé: ẹ kọ́kọ́ kọjú sí tata, nítorí pé òun ni ẹ lè bá jà láìná owó. Ẹ fi owó kékeré tí ó wà lọ́wọ́ akápò sílẹ̀ fún èbù iṣu. Ẹ lo àáró àti ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́, mo sì bá wọn lọ. Ilẹ̀ ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni a ti rí ojú ibi tí ó tóbi jù lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní a fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alága lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà. Nígbà tí ó rí àpò ẹyin tí ń jáde ní ojú ọkọ́, òun náà lọ mú ọkọ́ tirẹ̀ wá. Oṣù Kọkànlá ni yóò sọ bí iṣẹ́ wa ti rí. Mo ti kọ ọjọ́ àbẹ̀wò sínú ìwé mi.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ orúkọ nínú ìwé kò sọ wá di ẹgbẹ́. Ẹni mejìdínlọ́gbọ̀n péré ni ó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń wá sípàdé kìkì ní ọjọ́ tí a ń pín ẹ̀yáwó, tata ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí á má sì dà bí ikán pátápátá. Òṣìṣẹ́ ikán kò ríran, kò sì lè bèèrè ohun tí ó wà ní yàrá ayaba. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ojú, ó ní ẹnu, ó sì ní ìbò kan bí alága ti ní ìbò kan. Ẹ jẹ́ kí á ní ọwọ́ ikán, kí á sì fi ojú ènìyàn ṣọ́ ohun tí ọwọ́ náà bá kó jọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ibo ni tata ń yé ẹyin sí ní agbègbè oko yín? Ta ni ó ni ilẹ̀ náà?
2. Ọjọ́ wo ni ẹgbẹ́ yín lè yà sọ́tọ̀ fún wíwú ẹyin tata?
3. Kí ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bèèrè kí ó tó fọwọ́ sí owó oògùn apakòkòrò?
4. Níbo ni ìwé ẹgbẹ́ yín wà ní alẹ́ òní? Ta ni ó ṣí i wò kẹ́yìn?